Òdòdó Tí Ó Ń Dọ̀bálẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí kò lè rí ohun tó wọ́ kí ó má tọ́ ọ. Káfíńtà ni, ní ìlú kékeré kan tí òkè yí ká. Bí ó bá jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, férémù fèrèsé ni ó máa ń wò, kì í wo oníwàásù. Bí ó bá wọ ilé onílé, kí ó tó kí wọn tán, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lára àga tó ń mì, á máa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó wo ìyàwó, ó sì sọ fún un pé gèlè rẹ̀ fì sí apá òsì. Èmi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́. Ènìyàn dáadáa ni o. Àga tó bá kàn kì í mì, ilẹ̀kùn tó bá so kì í han. Ó ga, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà ṣánṣán, bí ẹni pé ó gbé pákó mì.

Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí kúrú, kì í yára, ewúrẹ́ ni ó ń sìn, kò sì so ewúrẹ́ kankan mọ́lẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ó ti dáyé. Ilé àwọn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, àgbàlá kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Igi ọsàn kan wà láàárín àgbàlá náà, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jẹun pọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi.

Agbẹ̀bí àgbà kan ló mú òdòdó náà wọ ilé wọn. Ó fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì ń pín ohun tó wà nínú ọgbà rẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ó ti gba ẹ̀bí wọn. Ìyàwó káfíńtà gba ìdí kan. Áírísì ni agbẹ̀bí pè é. Ewé rẹ̀ gùn, ó pẹlẹbẹ, ó sì tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Òdòdó rẹ̀ funfun, àárín rẹ̀ ní àwọ̀ aró, ó sì ní ìlà wẹ́wẹ́ bí ti ara ológbò. Àárọ̀ ni ó ń là, ìrọ̀lẹ́ ni ó ń ká sínú, ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni gbogbo ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀! Ẹni tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ jí, tó bá gbóòórùn òdòdó yẹn, á gbàgbé ohun tó ń bí i nínú kí ó tó fọ ẹnu tán.

Agbẹ̀bí sọ ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ gbìn ín síbi tí òjìji wà díẹ̀. Bí ó bá tanná tán, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ o. Ó mọ ohun tó ń ṣe."

Ìyàwó gbọ́ ọ. Ọkọ kò gbọ́. Ilẹ̀kùn agbẹ̀bí ni ó ń wò, nítorí ìṣó méjì ti yọ lára rẹ̀.

Wọ́n gbìn ín sábẹ́ igi ọsàn. Káfíńtà fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ìyàwó rẹ̀ ti rò lọ. Ó ń ka ewé rẹ̀ ní àràárọ̀, nítorí àwọn kan sọ fún un pé kì í tanná àfi bí ewé rẹ̀ bá pé méjìlá. Nígbà tí ó pé méjìlá, ó pe gbogbo ilé wá wò ó. Nígbà tí ìrudi mẹ́ta yọ, ó pe àwọn aládùúgbò. Ó ní àárọ̀ ọ̀la ni wọn yóò là. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fọ ojú, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó jáde. Ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan dúró lábẹ́ igi ọsàn, ó ń jẹnu. Ìrudi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n náà ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń wá ewúrẹ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò tí káfíńtà pè ti ń dé. Níṣojú gbogbo wọn ni ó ti na ìka, ó ní:

"Ìwọ àti ewúrẹ́ rẹ, ọgbọ́n kan náà lẹ ní!"

Àwọn aládùúgbò fi ọwọ́ bo ẹnu. Kì í ṣe nítorí ewúrẹ́ o. Bí ó bá jẹ́ ti ewúrẹ́ nìkan ni, wọn ì bá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ì bá tán. "Ìwọ" yẹn ni. Ẹnu tó ti ń pe ọkùnrin yìí ní "ẹ̀yin" láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni ó pè é ní "ìwọ" lójú gbogbo ayé, bí ẹni pe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. "Èmi lo pè ní ìwọ?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Káfíńtà mọ̀ pé òun ti ṣìṣe. Ó mọ̀ ọ́n kí ó tó pa ẹnu dé. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe kò ju pé kí ó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ń wò ó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà ṣánṣán. Kò dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fa ewúrẹ́ rẹ̀, ó wọlé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà ra pákó, ó sì fi ọgbà la àgbàlá bàbá wọn sí méjì. Ọgbà náà dára, mi ò ní parọ́. Ó fi okùn wọ̀n ọ́n, ó fá pákó kọ̀ọ̀kan, ó kàn wọ́n mọ́ra títí tí ojú kò fi lè ríran gba àárín wọn kọjá. Ìsàlẹ̀ nìkan ni ó fi àlàfo sí, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí pákó má baà kan ilẹ̀ kí ikán má sì jẹ ẹ́. Káfíńtà gidi kì í jẹ́ kí pákó kan ilẹ̀. Igi ọsàn àti òdòdó wà ní ìhà tirẹ̀, ẹ̀bá ọgbà gan-an.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òdòdó náà tanná, mẹ́rin. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó rí ohun tí kò fẹ́ràn. Ẹ̀ka gígùn tí òdòdó wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ibi tí òdòdó ti là ti hu ewé kékeré mìíràn, ewé náà ń wúwo sí i lójoojúmọ́, ẹ̀ka sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fẹ́ fi orí kan ilẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbíwùmí, agbẹ̀bí ní kí a fi í sílẹ̀."

Ó ní, "Nínú ọgbà tèmi, nǹkan kan kì í wó."

Ó lọ sínú ṣọ́ọ̀bù, ó gé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fá wọn títí wọ́n fi ń dán, ó kì wọ́n bọlẹ̀, ó sì so ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Gbogbo wọn dúró ṣánṣán. Wọ́n jọ ọ́. Ọyẹ́ dé, ewé kéékèèké tó wà lórí wọn gbẹ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe lọ́dọọdún. Ọdún mẹ́rin kọjá, ìdí kan yẹn ṣì jẹ́ ìdí kan. Ọ̀rọ̀ náà ń yà á lẹ́nu.

Ohun kan tún ń yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n èyí dùn mọ́ ọn. Òdòdó mẹ́rin, márùn-ún, ni tirẹ̀, síbẹ̀ òórùn rẹ̀ ń kún gbogbo ilé. Ọdún ń gorí ọdún, òórùn ń pọ̀ sí i. Bí àlejò bá wá lásìkò náà, á mú un jáde, á ní kí ó fa imú. "Ìdí kan péré o! Ọwọ́ ẹni tó gbìn ín ló dára." Ìyàwó rẹ̀ a máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ní ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ Ìbíwùmí dé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni. Ó rí ọkọ tó wù ú, àwọn àna mú ọjọ́ ìdána, ọjọ́ Sátidé kan báyìí. Ní ìdílé wọn, bàbá kì í gba àna ọmọ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà láàyè. Ẹ̀gbọ́n ló ń jókòó sí àga iwájú, ẹ̀gbọ́n ló ń dá àwọn àna lóhùn, òun náà ló ń gbé ọwọ́ lé ìyàwó lórí kí ó tó fi ilé sílẹ̀. Káfíńtà ní òun yóò wá ẹlòmíràn láàárín ẹbí. Ìbíwùmí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Bí ọwọ́ Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, kò bá kan orí mi, mi ò ní jáde nílé yìí. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má wá."

Kò pariwo, kò sunkún. Bàbá rẹ̀ mọ ohùn yẹn. Ohùn tirẹ̀ ni.

Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ̀yìn. Ó kan àga kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi kàn án, igi ìrókò ni, ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò, ó ń dán bí omi. Ó bẹ àlùfáà ìjọ pé kí ó bá òun gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n òun. Àlùfáà gbé e lọ, ó sì gbé e padà.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àga náà dára púpọ̀. Wọ́n ní kí n dá a padà fún ọ, pé kì í ṣe àga ló pe àwọn ní ìwọ."

Ìdána ku ọjọ́ méjì. Káfíńtà kò lè jẹun. Nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí ó lè ṣe, ó jáde ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ láti tún ọgbà ṣe, kí ojú má baà tì í níwájú àwọn àna. Òórùn òdòdó kún àgbàlá lọ́jọ́ náà ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ó wo ìdí rẹ̀: òdòdó mẹ́rin. Ó wo ọgbà: pákó kan ti wọ́. Òjò àti oòrùn ọdún mẹ́rin ti fà á tẹ̀. O mọ̀ ọ́n, kò lè fi í sílẹ̀. Ó mú òòlù, ó yọ ìṣó, ó fa pákó náà kúrò.

Ó fojú kan ìhà kejì, òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òdòdó ni. Òdòdó funfun, láti ìdí ọgbà títí dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ìdí, gbogbo wọn ló là ní àárọ̀ yẹn. Ewúrẹ́ mẹ́ta wà lọ́ọ̀ọ́kán lábẹ́ igi àgbọn. Okùn wà lọ́rùn wọn! Ọkùnrin tí kò so ewúrẹ́ rí ti so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí àpótí láàárín òdòdó, ó kọ ẹ̀yìn sí ọgbà, ó ń fi ọwọ́ tu koríko.

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú tọ ipa wọn. Ìdí kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka gígùn kan tí ó wá láti ara ìyá rẹ̀, bí ìwọ́ ọmọ. Èyí dọ̀bálẹ̀, orí rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ta gbòǹgbò, ó di ìdí tuntun. Èyí tuntun náà tanná, ó dọ̀bálẹ̀, ó tún bí òmíràn. Ó ń tọ̀ wọ́n bọ̀, ó ń tọ̀ wọ́n bọ̀, títí ó fi dé orí ẹ̀ka àkọ́kọ́. Ẹ̀ka yẹn ti gbẹ, ṣùgbọ́n kò tíì já. Ó gba àlàfo tí ó fi sílẹ̀ nítorí ikán kọjá. Ìdí tirẹ̀, lábẹ́ igi ọsàn, ni ó ti wá. Ẹ̀yìn ìdí náà ni ó wà, ní ìhà tí ojú rẹ̀ kò tó, òun nìkan ṣoṣo ni kò fi ọ̀pá gbé dúró.

Òórùn tí ó ti ń fi yangàn láti ọjọ́ yìí, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ti ń wá.

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró sẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ ti rí i."

"O mọ̀?"

"Ó di ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ, ẹ ní kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni tó wà lẹ́yìn ọgbà. N kò dárúkọ."

Ó wo àwọn ọ̀pá dídán tí ó kì sídìí òdòdó rẹ̀, ó wo àwọn ọmọ òdòdó tó ti gbẹ lórí wọn, ọdún mẹ́rin ọmọ. Ojú tì í. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan rọ̀ nínú rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú òòlù, ó yọ pákó kejì, nítorí àyè pákó kan kò gbà á. Ó tẹ̀ ba, ó gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ìró ìṣó. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Èmi ta?"

Àwọn àgbà ní bí a bá dọ̀bálẹ̀ fún aràrá, bí a bá dìde, à á tún ga jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n yìí kì í ṣe aràrá o, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti orí káfíńtà dé ilẹ̀, ọdún mẹ́rin ni ó sì ti fi ń rin ọ̀nà náà. Orúnkún rẹ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Àyà rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó nà gbalaja sáàárín òdòdó, imú rẹ̀ wọ inú ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí sínú ilẹ̀. "Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin ni láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n yí padà. Ó wo ọkùnrin gígùn yìí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó wò ó tán. Omi lé ròrò sí i lójú. Ohun tó sì ti ẹnu rẹ̀ jáde, ẹ̀rín ni.

"Ṣé o mọ̀ pé òdòdó rẹ ti wá dọ̀bálẹ̀ fún mi láti ọdún kìn-ín-ní? Mo kọ́kọ́ rò pé ìwọ lo rán an. Mo so ewúrẹ́ nítorí rẹ̀. Ní àràárọ̀ ni mo ń bi í pé, ẹni tó rán ọ ńkọ́, kí ló dé tí kò tíì dé?" Ó na ọwọ́ sí i. "Dìde, àbúrò mi. O ti dùbúlẹ̀ lé méjì nínú àwọn ọmọ òdòdó náà."

Wọ́n jọ tún àwọn méjèèjì gbìn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ọgbà kankan láàárín àgbàlá náà mọ́. Pákó rẹ̀ ni wọ́n fi kan àga ìjókòó gbọọrọ fún àwọn àna.

Sátidé pé. Gbogbo òdòdó tó là ní Ọjọ́bọ̀ ti ká, nítorí òdòdó yìí kò mọ ọjọ́ ìdána. Ẹyọ kan péré ló là láàárọ̀ náà, ní ẹ̀bá ọ̀nà, gbogbo ìyá ọkọ ló sì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga ìrókò. Ó dá àwọn àna lóhùn, ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé Ìbíwùmí lórí, ó sì gbàdúrà títí tí ọbẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú, àga náà fì díẹ̀ sí apá òsì. Káfíńtà rí i. Ọwọ́ ń yún un. Ó fi ọwọ́ sábẹ́ itan rẹ̀, ó jókòó lé e, ó sì ń yọ̀. Nígbà tí Ìbíwùmí ń lọ, agolo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ òdòdó kan wà nínú agolo náà. Ó kù díẹ̀ kí ìlú náà má rántí orúkọ tí agbẹ̀bí pè é mọ́. Adọ̀bálẹ̀bímọ ni wọ́n ń pè é báyìí, ó sì wà ní ojúlé tó pọ̀.

Mo ti sọ tiwọn tán. Ó kan ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí. Èmi lè pè ọ́ ní ìwọ, mo dàgbà jù ọ́ lọ, má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀ rárá, níbo la ti fẹ́ rí ìwà rẹ̀? O tọ́, mo mọ̀. O gún, gbogbo ayé ló mọ̀. Ohun tó dára tó wà nínú rẹ ti tanná lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ti gbẹ lókè níbi tí o so ó mọ́. Ẹnì kan wà tí ó ti so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí rẹ, tó jókòó, tó kọ ẹ̀yìn sí ọ, tó ń tẹ́tí sílẹ̀ bóyá òun á gbọ́ ìró ìṣó.

Má kan àga fún un. Fa ọ̀pá yẹn tu, kí o sì tọ ilẹ̀ lọ.